Àwọn Erékùṣù àti Oko Bàbá Mi

Mo rántí òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ní Lalupon, bó ṣe ń gba ojú fèrèsé kíláàsì wa wọlé lọ́jọ́ tí tíṣà kọ́ wa nípa àwọn erékùṣù kan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé, wọ́n gba àwọn erékùṣù náà lọ́wọ́ ìjọba tó pàdánù ogun, àjọ àgbáyé sì ní kí orílẹ̀-èdè mìíràn máa bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣọ́ wọn títí wọn yóò fi lè ṣàkóso ara wọn. Mo nawọ́.

"Sà, tí olùṣọ́ bá wá kọ̀ tí kò fi wọ́n sílẹ̀ ńkọ́?"

"Sà, ẹ fún ọmọ yìí ní erékùṣù tiẹ̀ o jàre!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Wọn kò mọ̀ pé oko bàbá mi ló wà lọ́kàn mi. Èmi nìkan ni ọmọ tí bàbá mi fi sáyé lọ, àwọn àgbà ẹbí sì fi oko náà síkàáwọ́ àbúrò bàbá mi títí n óò fi dàgbà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń bá ni ṣọ́ ilẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin kòkó síbẹ̀ ti sọ ilẹ̀ di tirẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bá àbúrò bàbá mi lẹ́bàá oko, tí wọ́n ń bomi rin àwọn ọmọ kòkó tó hù nínú ọ̀rá. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà; èmi ọmọdé náà gbé e mu. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ ká lọ bá lemọ́ọ̀mù.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ o," ni ìyá mi wí. "Ọlọ́run ò sùn."

Nígbà tí òjò dé, tí mo sì ṣe tán níléèwé, àbúrò bàbá mi pe àwọn àgbà ẹbí àti lemọ́ọ̀mù sóko. Wọ́n mú mi rìn yí ààlà ká, láti pèrègún dé pèrègún, lójú gbogbo wọn. Wọ́n wá nawọ́ sí àwọn ọmọ kòkó náà.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ rẹ rèé. Igi kan ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi gbin ìwọ̀nyí."

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni lemọ́ọ̀mù bi wọ́n. "Ẹ ò ní mú nǹkan kan?"

"Ẹ̀gẹ́ tí mo ti jẹ níbẹ̀, Áfà, ẹ wo ikùn mi!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹkún ni èmi ń sun ní tèmi, ìyá mi sì ń wí "Alihamudulilahi" ṣáá.

Àwọn erékùṣù ọjọ́sí ti bọ́ lábẹ́ ìṣọ́ báyìí. Òmíràn di orílẹ̀-èdè, òmíràn yàn láti dúró ti olùṣọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi náà ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn. Bí mo bá kírun tán tí mo ń ṣàdúrà fún àwọn òkú wa, orúkọ wọn ni mo kọ́kọ́ ń dá, kí n tó wá dárúkọ bàbá mi.