Wọ́n Ní Kí Bàálù Gbénró Fò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Gbénró, kó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkòsì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe. Á bó awọ àtijọ́ kúrò lára àga onítìmùtìmù, á fi tuntun wọ̀ ọ́, àga tí wọ́n ti fẹ́ gbé jù sí ààtàn á sì padà di ohun tí àlejò ń jókòó lé. Èmi Kúnbi, aránṣọ, ni mo ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Mo jù ú lọ dáadáa, Aunty ló ń pè mí, nítorí náà mo lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí lójú mi.

Àga ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàálù ogun ló gbà á lọ́kàn. Gbogbo àjákù fóòmù àti páálí ibi iṣẹ́ ló ń kó wálé. Á lọ ṣa apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti fọ́ ní Máìlì Twelve, á la igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á yan án lórí iná àbẹ́là kó lè tẹ̀, ìyẹn ni yóò fi ṣe egungun apá bàálù. Sílípáàsì tó ti jẹ ló fi ń gbẹ́ táyà. Èjìká ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń gé, tó fi ń ṣe gíláàsì ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Kì í ṣe iṣẹ́ wúruwùru o. Á wo fọ́tò bàálù gidi, á wọn ọ́n, á dín in kù, kò sì ní gbà kí ìrù gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Òkè àjà yàrá rẹ̀ kún fún wọn, wọ́n ń fì lókè bẹ́ẹ̀dì. Òórùn gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò jẹ́ kí aṣọ àwọn oníbàárà mi gbádùn. Mo bú u títí, á rẹ́rìn-ín, á ní kí n má bínú, á sì tún ṣí gọ́ọ̀mù mìíràn.

Adékọ̀yà ni alátakò rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní Kétu, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í yà sọ́dọ̀ wa. Nínú àwọn bàálù ogun, Alpha Jet ni Gbénró fẹ́ràn. Ó ní ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé awakọ̀ délé. Super Tucano ni ti Adékọ̀yà. Ó ní ìyẹn lè rọra máa rà bàbà lójú ọ̀run títí ọ̀tá yóò fi yọ, kò sì ní mu epo púpọ̀. Gbénró á bi í pé bàálù tó ní fáànù nímú, ṣé ogun ló fẹ́ jà ni àbí ó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ọ̀tá lára. Báyìí ni wọn yóò ṣe máa fà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bíi pé àwọn ni wọ́n fẹ́ ra bàálù fún ìjọba.

Wọ́n ní òfin kan láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún ẹnìkejì pé "ìwọ lo jàre," òun ni yóò máa gbé àga jáde fún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí ayé. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Oníkálukú ló ń gbé àga ara rẹ̀. Ohun tí Adékọ̀yà sì fi ń gún un lára jù ni pé àwọn bàálù rẹ̀ yìí, ọ̀ṣọ́ ilé lásán ni wọ́n, kò sí èyí tó lè fò nínú wọn. Gbénró á ní wọn yóò fò. Kò jù wọ́n wò rí, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò oṣù kẹjọ dáwọ́ dúró díẹ̀, ó ṣe Alpha Jet kan tó gùn tó bẹ́ǹṣì. Ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú, ó sì gbé e sórí ògiri báńkónì òkè kí ọ̀dà lè gbẹ, ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan ní òdìkejì títì ló yà á ní fọ́tò, ó fi í sórí WhatsApp àwọn onílé àdúgbò. Lákòókò yẹn, rédíò kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ dúróònù, bàálù aláìláwakọ̀ tí àwọn ẹni ibi fi ń ju bọ́ǹbù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò náà ti dé àdúgbò Sangisa, bàálù kan ti di dúróònù méje.

Alhaja Nimat tó ni ilé wa kò pariwo. Ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ọlọ́pàá nílé òun, àwọn onílé yóò ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sunday, ohun tí wọ́n bá sọ lòun yóò ṣe. Bí wọ́n bá ní kí Gbénró máa lọ, á kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbójú sókè àjà.

"Aunty," ló wí, "ibo ni mo fẹ́ kó wọn lọ?"

Inú bí mi. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí yóò sùn, bàálù páálí ló ń wá ilé fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí yàrá mi, mi ò lè rán aṣọ kankan. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Adékọ̀yà fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò gbẹnu sọ fún un nípàdé. Ta ló tún mọ àbùkù bàálù Gbénró jù ú lọ? A bẹ Gbénró pé kó ṣáà pa ẹnu mọ́. Ó gbà, ó tún búra.

Ní agbo ilé Alàgbà Ọláníyan, alága àwọn onílé, ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Adékọ̀yà fi ọwọ́ kan gbé bàálù náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i bó ṣe fúyẹ́. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bàálù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Alàgbà tẹ táyà rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní sílípáàsì mà ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ara tu gbogbo wa, Alàgbà ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi parí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu Adékọ̀yà, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

"Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì gidi sí i," ló wí, "kò lè fò. Ẹ wo apá ẹ̀. Gbénró ò mọ apá ṣe."

Mo tẹ Gbénró lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo tẹ òun. Ó ti dìde.

"Irọ́ lo pa, Adékọ̀yà. Apá yẹn péye."

Ó gba bàálù náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí atẹ́gùn ṣe ń gba orí apá kọjá, bó ṣe ń gba abẹ́ rẹ̀, àfi bíi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló wà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ gbá a létí. Muideen, akọ̀wé àwọn onílé, ló rọra bi í bóyá ohun tó ń sọ ni pé ó lè fò. Ìgbà yẹn ni Gbénró wò yíká tó rántí ibi tó wà. Ó ṣì lè sẹ́ nígbà yẹn. Mo rí i tó wo bàálù ọwọ́ rẹ̀.

"Ó lè fò, sà," ló wí.

Alhaja Nimat mú báàgì rẹ̀, ó ní gbogbo ayé ti gbọ́, kó máa lọ. Ni Adékọ̀yà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alàgbà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ní kí Gbénró ju bàálù náà láti òkè ilé. Bó bá fò, kí Gbénró kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí kò bá fò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nílé rẹ̀. Alàgbà ronú díẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wọn tẹ̀ lé wa délé, wọ́n dúró sójú títì. Èmi nìkan ni mo bá a gòkè. Lórí àtẹ̀gùn, mo dá a dúró.

"Gbénró, dorí ẹ̀ kodò kó o tó jù ú. Jẹ́ kó ṣubú."

"Aunty, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i."

Ó tọrọ òwú lọ́wọ́ mi, nítorí òwú kì í wọ́n lára aṣọ mi. Ó nà án sókè, ó wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàálù náà, ó sì tì í jáde bí wọ́n ṣe ń na ọmọ sí ẹni tó fẹ́ gbà á. Atẹ́gùn gbà á. Ó dúró lójú òfuurufú, apá rẹ̀ tẹ́, kò mì. Èmi tó yẹ kí n máa bẹ Ọlọ́run pé kó já, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ nínú mi pé kó fò, kó jọ̀ọ́ kó fò. Ni imú rẹ̀ bá tẹ̀. Ó já lu ògiri gọ́tà, apá kan ṣí kúrò, igi apẹ̀rẹ̀ tòmátò yọ síta.

Ẹ̀rín sọ lójú títì. Alàgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ parí, kí Gbénró máa gbé ilé rẹ̀. Alhaja Nimat gan-an bá a dárayá, ó ní kó má bínú. Wọ́n ń gbá a léjìká, wọ́n ń pè é ní páílọ́ọ̀tì. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ṣa àfọ́kù náà kúrò nínú gọ́tà, ó sì já gbogbo àwọn tó wà lókè àjà sílẹ̀, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, Adékọ̀yà dé bí ìṣe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Alpha Jet ti di arúgbó, pé ẹ́ńjìnnì méjì, ìnákùúnàá ni. Mo mọ̀ pé ó ń wá bí Gbénró yóò ṣe bú u ni. Gbénró ń wo títì.

"Ìwọ lo jàre," ló wí.

Adékọ̀yà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀tàn ni. Gbénró dìde, ó wọlé, ó gbé àga tó dáa jù nínú yàrá rẹ̀ jáde, èyí tó fi awọ pupa wọ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ fún Adékọ̀yà, ó fi ọwọ́ nu orí rẹ̀. Ojú Adékọ̀yà yí padà. Kò jókòó.

"Gbénró, kí wọ́n má bàa lé ẹ ni mo ṣe sọ pé kò lè fò."

"Mo mọ̀," ni Gbénró wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òórùn gọ́ọ̀mù nílé wa mọ́, n kò sì mọ̀ pé ó lè ṣe mí bíi kí n gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Gbénró ń gbé àga pupa yẹn jáde. Adékọ̀yà á dé, á kí mi, á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.