Katapílà Tó Há sí Ilẹ̀ Àna Mi

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì tó ń jóná kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, ọkàn mi á ti padà sí àbúlé àwọn àna mi, ní ọ̀nà tó ya láti Ànié lọ sí Elavagnon, sí ẹ̀bá odò níbi tí katapílà mi ti di ilẹ̀ mú tó kọ̀ tí kò kúrò, tí èmi náà sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn.

Katapílà náà ti darúgbó kí n tó rà á. Garawa gbàǹgbà wà níwájú rẹ̀ tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, apá gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń gbẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń la ọ̀nà ló ti lò ó gbó, wọ́n pa á tì. Mo fi gbogbo ohun tí mo ní rà á, mo gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Atakpamé, mo ń tú u, mo ń tò ó. Ìyá mi ní òun ò bí ọmọ fún irin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, tó yọ èéfín dúdú, mo jó yí i ká láàárín àgbàlá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé kò sí ohun tí mi ò lè ṣe láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà.

Ìyàwó ni mo fẹ́ gbé. Èmi àti ọmọbìnrin kan láti àbúlé yẹn ti gbà fún ara wa, bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ wá ṣiṣẹ́ oko fún bàbá rẹ̀: á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọn á fi ọkọ́ kọ ebè iṣu títí oko á fi kún. Àwọn ọ̀rẹ́ tèmi ti fọ́n ká, àwọn kan wà ní Lomé, àwọn kan ti kọjá sí Nàìjíríà, èmi alára ò sì di ọkọ́ mú dáadáa rí. Mo lọ bá Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ mi sìn yín."

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ tí wọ́n ń jókòó lé lórí ṣiṣẹ́? Ṣé òun ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dákẹ́. Mo ní odò wọn máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi tí wọn á bu sí tòmátì. Mo ní èmi á gbẹ́ kòtò ńlá sẹ́bàá odò, òjò á kún un, omi á sì wà níbẹ̀ títí. Mo ní kí oòrùn ọjọ́ kan tó wọ̀, mo ti ṣe tán. Bàbá fa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó dáa. Gbẹ́ ẹ. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀, a ó jókòó sọ̀rọ̀. Bí kò bá dúró, kí o máa bá ẹ̀rọ rẹ lọ."

Mo wa katapílà mi wọ àbúlé bí ọba. Gbogbo ènìyàn tú jáde. Mo ń gbẹ́lẹ̀, mo ń wẹ̀yìn wò bóyá Bàbá ń wò mí. Nígbà tó di ọ̀sán, tí èmi àti ẹ̀rọ ti sọ̀ wọ inú kòtò, eyín apá náà wọ abẹ́ òkúta kan, mo fi agbára fà á. Mo gbọ́ "pàù!" Rọ́bà tó sé epo mọ́ inú jáàkì tó ń gbé apá náà sókè ti ya. Epo fọ́n sí mi lójú, ó fọ́n sí aṣọ funfun tí mo wọ̀ wá kí àna. Apá náà ṣubú gbì sínú kòtò, ó há, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn.

Háà! Àfẹ́sọ́nà mi sún mọ́ mi, ó ní, "Ṣebí o ní kí oòrùn tó wọ̀, o ti ṣe tán?"

Rọ́bà irú rẹ̀ kò sí ní Ànié, kò sí ní Notsé. Ẹni tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ ní Lomé ní òun á bá mi wá a, kí n ní sùúrù. Mi ò sì lè fi katapílà sílẹ̀ lọ sílé, torí bí òjò bá dé, kòtò á kún, ẹ̀rọ mi á rì. Báyìí ni mo di ẹni tó ń gbé ilé àna. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tí kò tíì gba ìyàwó, tí kò yẹ kó jẹun yó níwájú wọn, òun ló ń jẹ iyán wọn lọ́sàn-án, tó ń jẹ ọkà wọn nírọ̀lẹ́, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń gbẹ lórí okùn ìyá ìyàwó. Mo wá sin àna, àna wá ń bọ́ mi!

Ni mo bá mú ọkọ́ kan lẹ́bàá ògiri láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ̀lé Bàbá lọ sóko. Mo kọ ebè títí ọwọ́ mi fi bó. Bàbá rìn yí ebè tí mo kọ́kọ́ kọ ká, ó ní, "Adìẹ ló tú èyí ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi bí wọ́n ṣe ń dúró àti bí wọ́n ṣe ń wọ́ ilẹ̀ jọ hàn mí. Láti ìgbà náà, oko ni mò ń lọ láàárọ̀. Lọ́sàn-án mo ń sọ̀ sínú kòtò, mo ń tú jáàkì, mo ń nu irin, mo ń gbẹ́ ìdí òkúta. Nígbà tó yá, Bàbá ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sétí kòtò. Á ní, "Kí ni èyí ń ṣe? Ìyẹn ńkọ́?" Kò pẹ́ tó fi mọ àwọn sípánà mi, tó ń nà wọ́n sí mi kí n tó béèrè.

Òjò ti ṣú lápá Elavagnon nígbà tí awakọ̀ kan gbé rọ́bà náà dé. Ó le, ó kọ̀ kò wọ àyè rẹ̀. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo sọ ọ́ sínú omi gbígbóná tí ìyá ìyàwó mi fẹ́ fi ro ọkà, kó lè rọ̀. Màmá pariwo, "Ẹ wá wo ọkùnrin yìí o! Oúnjẹ wa ti sú u, rọ́bà ló ń sè jẹ!" Bó ti rọ̀, èmi àti Bàbá sáré gbé e lọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, òun ń di irin mú, epo dé ìgúnpá wa. Òjò ti ń kán sí mi lọ́rùn nígbà tí mo ṣáná sí ẹ̀rọ. Mo fa ọ̀pá. Apá náà gbọ̀n, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó gbéra jẹ́jẹ́, òkúta náà sì tẹ̀lé e jáde. Bàbá fò sókè: "Ó dìde! Ó ti dìde o!" Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo gbẹ́ ìyókù kòtò náà nínú òjò, mo sì wa ẹ̀rọ mi gòkè.

Omi dúró nínú kòtò náà. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ẹbí ìyàwó jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn béèrè iṣẹ́ tí mo ṣe fún àna. Mo ti na ọwọ́ sí ọ̀nà odò, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nnu. Bàbá ní kí n sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ó dìde, ó kó gbogbo wọn gba ọ̀nà kejì, ó kó wọn lọ sí oko, síwájú àwọn ebè mi tó wọ́. Iṣu ti hù lórí wọn, ewé wọn ń dán.

Ó ní, "Èyí ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é."

Àwọn àgbààgbà fi ebè mi rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n sì fún mi ní ìyàwó.

Ẹ̀yìn ilé wa ni katapílà náà wà títí di òní. Mo ṣì ń tú u, mo ṣì ń tò ó. Ìyàwó mi ní òun mọ̀ pé òun ní orogún, ó kàn dáa pé kì í jẹ iyán. Lọ́dọọdún, bí odò bá ti fẹ́ gbẹ, Bàbá á pè mí lórí fóònù pé ẹrẹ̀ ti ń pọ̀ nínú kòtò wa, kí n wá kó o. Kòtò wa ló ń pè é. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n kó tó pa fóònù, á ní, "Má gbàgbé ọkọ́ rẹ o."

Ó pè lánàá. Mo ti so ọkọ́ mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, a ó ti wà lọ́nà Ànié, èmi àti irin àgbà yìí, Bàbá á sì ti gbé àpótí rẹ̀ sétí kòtò, á máa retí wa.