Ẹsẹ̀ Irin Mẹ́rin Alf Tregenza

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019. Ẹgbẹ̀jọ kílò.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà. Ìwọ̀n mọ́tò Murray Tregenza ni iye náà, láìka irinṣẹ́ tó wà nínú búùtù rẹ̀. Murray mọ ìwọ̀n yìí dáadáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkà bálì ní èbúté Wallaroo, níbi tó ti ń wọn ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù, tí yóò sì tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá já a tán. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní bí ohun tó wúwo ṣe ń wúwo tó. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé àìmọ̀ ló bá a jà.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo, kì í mutí yó. Ó ti gbé ìyàwó rẹ̀, Merilyn, láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sì tíì gbé ọwọ́ lé e rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ nínú, orúkọ ohun náà sì ni Bevan Schirmer.

Bevan ni ọkọ Glenys, àbúrò Murray kan ṣoṣo. Òpópónà mẹ́ta ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Bevan sanra, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ohun tó bà jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tún ṣe. Kì í ṣe ọmọ Wallaroo. Murray kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí.

Alf, baba Murray, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó kó àjẹkù ojú irin wá sílé, ó jó wọn pọ̀, ó fi ṣe ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga dé orúnkún, ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ sì ní ibi jíjìn kan tí irin abẹ́ mọ́tò máa ń jókòó sí. Ó lu A.T. sí ara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ Alf kò ṣòro: jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Tí jáàkì bá ti gbé mọ́tò sókè, kí ẹsẹ̀ irin gbà á, kí ènìyàn tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀.

Ogójì ọdún ni àwọn ará àdúgbò fi ń gbé mọ́tò wọn wá sí àgbàlá Alf ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń gbé páálí bíà kan dání láti fi dúpẹ́. Tí mọ́tò bá ti jókòó lórí irin, Alf á yí ẹ̀yìn sí i, á fi ìdí gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dùbúlẹ̀. "Tó bá máa wó," á ní, "kó wó nígbà tí mo ṣì wà lórí ìdúró." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Murray náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi ìdí tirẹ̀ gbá a.

Nígbà tí ara Alf kò gbé e mọ́, ilé Glenys ló lọ gbé, ọdún mẹ́rin gbáko. Bevan ló ń wẹ̀ ẹ́, Bevan ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan Alf jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì Bevan, ó na ìka sí ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Ìwọ ni kí o máa lò wọ́n." Bevan ló ń bá sọ̀rọ̀. Murray dúró nítòsí, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Ó mu tíì náà tán, ó fọ ife, ó wálé.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Alf ti kú. Ọ̀dọ̀ Bevan ni àwọn mọ́tò ọjọ́ Sátidé ń lọ báyìí, ibẹ̀ náà ni àwọn páálí bíà ń lọ. Murray máa ń rọra wa mọ́tò kọjá níwájú ibẹ̀, á sì ka iye mọ́tò tó wà nílẹ̀. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ọjọ́ kan, ó ka márùn-ún, kò sì lè jẹun alẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó rí Bevan tó yí ẹ̀yìn sí mọ́tò, tó fi ìdí ńlá rẹ̀ gbá a, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni pé òun ni Alf bí. Láti ọjọ́ náà Murray kò fi ìdí gbá mọ́tò mọ́. Ó ka ìwà náà sí ohun tí wọ́n ti jí gbé.

Lẹ́yìn náà ni sálẹ́ńsà mọ́tò rẹ̀ já, mọ́tò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń jẹun ọ̀sán nílé Glenys. Nígbà tí Murray dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, Bevan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo etí.

"A ti ń gbọ́ ẹ láti ìlú Kadina, Murray. Ìyàwó mi rò pé bààlúù ló ń bọ̀, ó ti sáré kó aṣọ tó sá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Merilyn náà rẹ́rìn-ín. Èyí ni Murray gbé wálé.

"Gbé e wá ní Sátidé," Bevan sọ. "Wákàtí kan péré ni."

"Ọwọ́ mi ò tíì rọ."

Nítorí náà, sálẹ́ńsà tuntun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ mọ́tò kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ Murray nìkan ló sì gbọ́dọ̀ fi í síbẹ̀. Ó fẹ́ wa mọ́tò náà dé ẹnu ọ̀nà Bevan láìsí ariwo kankan. Ó ti ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ní ọkàn rẹ̀.

Ilẹ̀ iwájú gáréèjì Murray da gẹ̀rẹ́ sí ojú títì. Ní Sátidé ọjọ́ kẹrìnlá náà, ó fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò. Ó kó búlọ́ọ̀kù oníhò mẹ́rin wá, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó kọ́ ilé adìẹ, ó to méjì lé ara wọn lápá ọ̀tún, ó to méjì lápá òsì, ó sọ mọ́tò kalẹ̀ lé wọn lórí. Ó fa jáàkì kúrò nítorí pé ó dí i lọ́wọ́. Ó fi àbọ̀ bíríkì kan há táyà ẹ̀yìn. Kò fi ìdí gbá a.

Merilyn jáde, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo búlọ́ọ̀kù.

"Ṣé o ò ní lọ yá irin Dádì ni?"

"Kì í ṣe irin Dádì mọ́. Irin Bevan ni."

"Irin ni irin ń jẹ́, Murray."

"Tí gáréèjì rẹ̀ bá wù ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, lọ máa gbé ibẹ̀."

Merilyn gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Tí wọ́n bá ní pásítì gbígbóná níbẹ̀, bóyá mo máa lọ." Ó gba ọ̀nà ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń ta páì ẹlẹ́ran náà lọ. Kí ó tó débẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Bevan, ó sọ ohun tó rí fún un.

Murray ti wà lábẹ́ mọ́tò fún bí ogún ìṣẹ́jú nígbà tó gbọ́ pikọ́ọ̀pù Bevan. Ó mọ ohùn rẹ̀. Ó ti tú nọ́ọ̀tì méjì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ̀kẹta, kò sì fẹ́ yí. Ó rí bàtà Bevan. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ irin tó kanlẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà òmíràn, títí ó fi pé mẹ́rin. Láti kékeré ló ti mọ ìró náà. Ó yí orí. Lẹ́tà A.T. kọjú sí i. Kó na ọwọ́ díẹ̀ sí i, á kàn án.

"Báwo ni, ọ̀rẹ́?"

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Mo rí i. Mo mú nǹkan wá fún ẹ."

"Mi ò ránṣẹ́ sí nǹkan kan."

"Merilyn ló ní kí n..."

"Merilyn kọ́ ló wà lábẹ́ mọ́tò."

Bevan lóṣòó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, èémí rẹ̀ ń le. Ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún.

"Murray, búlọ́ọ̀kù ilé adìẹ lèyí."

"Àwọn adìẹ ò ráhùn."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Jáde, ká gbé e lé irin, kó o padà síbẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan sálẹ́ńsà ẹ."

"Fi wọ́n síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ló kù."

Bevan kò dìde kíá. Ní Wallaroo, ènìyàn lè fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọkùnrin kan fẹ́ràn ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè fi orí pípá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un lórí iṣẹ́ tó ń ṣe níwájú ilé ara rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ Murray méjèèjì wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Bevan. Bevan lágbára tó láti fi ẹsẹ̀ náà wọ́ ọ jáde, kí Murray máa bú u títí di ọdún Kérésìmesì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ọ̀rẹ́," ó sì dìde. Ojo ni ọ̀wọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kó rí.

Murray gbọ́ bí bàtà náà ṣe ń lọ. Inú rẹ̀ dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, Bevan mú nǹkan wá, kò sì gba ọpẹ́ lórí rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sí sípánà, ó ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí ayọ̀ yẹn fún un.

Mọ́tò mì. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ó mì. Àbọ̀ bíríkì tó wà lẹ́yìn yẹ̀ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ náà. Búlọ́ọ̀kù apá òsì kò kọ́kọ́ sán. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló fọ́ wómúwómú bíi bísíkíìtì.

Bevan ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn pikọ́ọ̀pù mú. Jáàkì ńlá tirẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin ó ti gbé mọ́tò náà kúrò lára Murray, ó ti ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ó ti ti òmíràn bọ apá ọ̀tún. Kí ó tó dùbúlẹ̀ láti fà á jáde, ó fi ìdí kan mọ́tò náà, díẹ̀ báyìí. Murray kò dákú. Ó mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ ohun tó jẹ́.

Bààlúù ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adelaide. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ sí mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrú, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ku méjì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀ dáadáa, kò béèrè bóyá òun máa rìn.

"Ta ló gbé irin sí apá òsì?" ló bi Merilyn.

"Bevan."

"Ṣé ibi tó yẹ ló gbé e sí?"

"Ibi tó yẹ ni, Murray."

Ó kọjú sí ògiri. Egungun rẹ̀ ṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ìlara rẹ̀ kò fara pa rárá.

Nígbà tó fi máa padà sílé, gbogbo Wallaroo ti mọ ìtàn bí Bevan Schirmer ṣe gbé mọ́tò kúrò lára ènìyàn. Nínú ìtàn náà, "ẹni tó wà lábẹ́" ni orúkọ Murray. Bevan kó ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, ó ti fi epo pa wọ́n, ó tò wọ́n sí gáréèjì Murray.

"Tìẹ ni," ó ní. "Ó ti yẹ kí n kó wọn wá tipẹ́."

Wọ́n wà níbẹ̀ báyìí. Murray máa ń jókòó tì wọ́n lórí àga, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kò lè dùbúlẹ̀ sílẹ̀ kó sì dá dìde mọ́. Kò sí mọ́tò kankan tó lè gbé lé wọn. Bevan ti ra mẹ́rin mìíràn, pupa, àwọn mọ́tò Sátidé kò sì dáwọ́ dúró. Ní Sátidé tó kọjá, Murray bi Merilyn bóyá irin pupa yẹn dára ju ti Alf lọ. Merilyn ń wá báàgì rẹ̀ láti lọ ra pásítì.

Ìwọ tó ń ka èyí, o mọ ẹni tí irin tó yẹ kó o lò wà lọ́wọ́ rẹ̀. O sì mọ ìdí tí o kò fi tíì lọ béèrè rẹ̀. Jáde kúrò lábẹ́ mọ́tò náà. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Jọ̀ọ́, yá mi." Lónìí ni kó o lọ, kó o tó tún dùbúlẹ̀.