Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún kọ́bọ́ọ̀dù yẹn o. Mi ò tíì kun ẹ̀yìn ẹ̀. Tí mo bá dé, màá parí ẹ̀."

Ohùn tí Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lórí fóònù, lọ́sàn-án gangan, níbi tó dúró sí nínú yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń hó bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ọkùnrin náà kò sọ pé ó dìgbà. Kò ṣúre fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ló sọ. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé òun ti gbọ́, pé kó ra búrẹ́dì bọ̀. Ó ní ó dáa. Ó sì rà á lóòótọ́, nítorí búrẹ́dì náà ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Akunlé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, àkàbà ló ń ba obìnrin yìí lẹ́rù. Gbogbo àdúrà rẹ̀ àárọ̀, orí àkàbà ló ń gbé e lé. Ṣùgbọ́n ikú kò gba ibẹ̀ wá. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ, ó la búrẹ́dì, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i kú àráfẹ́rakù ló ń béèrè bóyá orí àkàbà ló ti já. Tó bá ní rárá, ó máa ń dà bíi pé ó já wọn kulẹ̀.

Ilé ìwòsàn tirẹ̀ náà ni wọ́n gbé e wá. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó, òun ló lọ̀ ọ́; ó mọ ojú ìlà tí òun máa ń fà sí àárín aṣọ. Ó rí i pé igun kan ti ká. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yìí, láti orí ọmọ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó sì ní iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá rẹ̀ ní kò burú. Ó ní bí àwọn ò tilẹ̀ ní ilẹ̀, ó dáa kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Oríṣi owó méjì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ. Ọ̀kan ni owó ìrànwọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í dá padà. Ìkejì ni ẹ̀yáwó, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa san pẹ̀lú èlé nígbà tó bá ríṣẹ́. Kí wọ́n tó fún ọmọ ní owó ìrànwọ́, wọ́n á rán olùbẹ̀wò wá sílé, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí owó níbẹ̀ lóòótọ́.

Ibi tí tọkọtaya yìí ti ṣì í nìyẹn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti kan ilẹ̀kùn, àlejò ni. Ohun tó bá wá ṣe, ìyẹn dẹ̀yìn. Àlejò kò sì gbọdọ̀ bá ilé ní ìhòòhò. Wọ́n tújú ká láti múra.

Akunlé kó gbogbo ọ̀dà tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ láti ilé àwọn olówó jáde. Ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn gba ọ̀dà ilé adájọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún gba ti oníṣègùn eyín. Èyí tó kù gba ti báńkì. Ó ní àwọn àwọ̀ náà jọra bí ọmọ ìyá, pé ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá ló yàtọ̀. Nígbà tó kan ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù wúwo, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

"Àlejò wo ló máa wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù?" ló wí, ó sì lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Àǹtí Ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yá àwọn èèyàn ní àga. Ó gbé àga onítìmùtìmù mẹ́rin wá sókè, ó gbé fáànù wá, ó sì fi kọ́tìnì kan lé e pé kí ojú fèrèsé má ba ojú wọn jẹ́. Kò gba owó. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Olùbẹ̀wò dé. Obìnrin kan ni, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó rora jókòó, tí àga sì gbé e mì dé èjìká. Wọ́n fún un ní ohun mímu tútù nínú ife onígíláàsì. Ó béèrè bóyá iṣẹ́ máa ń wọ́n. Akunlé ní a dúpẹ́, iṣẹ́ ò wọ́n. Ó béèrè bóyá owó ilé máa ń ṣòro láti san. Akunlé ní Ọlọ́run ń ṣe é. Ó béèrè bóyá ohunkóhun wà tí ìdílé náà ṣaláìní. Akunlé wo àwọn ògiri rẹ̀ yíká, ó ní òun kò lè rántí ọ̀kan báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, kò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé. Ta ló máa jókòó nínú àga onítìmùtìmù kó máa ròyìn ebi?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì dáhùn pé apá ìdílé náà ká a. Kò sí owó ìrànwọ́. Ẹ̀yáwó wà.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ṣàlàyé ẹ̀yáwó fún un, pé ó nílò onídùúró, pé bí òun bá ríṣẹ́ tán lòun á tó bẹ̀rẹ̀ sí san án.

"Tí o ò bá wá ríṣẹ́ ńkọ́?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Gbèsè náà á dúró dè mí."

"Èlé ẹ̀ náà á dúró?"

"Rárá o, ìyẹn á máa rìn."

Bàbá rẹ̀ rò ó díẹ̀, ó ní gbèsè tó lè dúró tó sì tún lè rìn lẹ́ẹ̀kan náà ní làákàyè ju àwọn lọ. Ó wá bọ́ sí ipò onídùúró. Ọdún kìíní ọmọ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yáwó ló fi san án.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọmọ náà gbọ́ pé èèyàn lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún wá wo ilé wò. Pípe ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí fóònù ni Ìyá Alágbàfọ̀ gbà ṣe. Fóònù ọ́fíìsì ọ̀hún, ẹ̀rọ ló ń gbé e. Ẹ̀rọ náà á ní kó tẹ oókan, á tún ní kó tẹ eéjì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin fún un. Ìyá gbé fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ, ó jẹ́ kó máa kọ ọ́. Ó ti ká aṣọ ìbùsùn gbogbo wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún tán kí ẹlẹ́ran ara tó dáhùn. Ẹni náà ní ó dáa, olùbẹ̀wò á tún wá.

Ìgbà tó pe ọkọ rẹ̀ láti sọ ọ́ fún un ni ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ẹwà ilé ló gba owó lọ́wọ́ ọmọ òun. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tún ń bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì ku ẹ̀yìn kan.

Ó wá kú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ọ́fíìsì ẹ̀yáwó pè. Wọ́n bá wọn kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní onídùúró tó ti kú kò lè dúró mọ́, kí wọ́n mú òmíràn wá bí ọmọ bá fẹ́ yá ti ọdún kejì. Ìyá ní òun rèé. Wọ́n bi í ní owó oṣù rẹ̀, ó sọ ọ́, ẹni náà ní kò tó. Bó ṣe di pé lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, Ìyá Alágbàfọ̀ tòṣì ju ẹni tó lè ṣe onídùúró lọ, ó sì tún lówó ju ẹni tí wọ́n lè ràn lọ́wọ́ lọ. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun tóbi tó báyẹn, tí òun fi lè wà níbi méjèèjì.

Àǹtí Ìsàlẹ̀ ní òun ìbá dúró, ṣùgbọ́n àga òun ni báńkì ti gbà ṣe ìdúró fún gbèsè tòun. Ọmọ náà wá kó ẹrù rẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun á wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, kí àwọn jọ máa ká aṣọ, ó ṣe tán aṣọ ìbùsùn, ẹni méjì ló ń ká a.

"Mo ti rí ẹni tá a jọ ń ká a," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Padà síbi ilẹ̀ tó ò ń wọ̀n."

Kò rí ẹnikẹ́ni. Nílé, ọkọ rẹ̀ ló máa ń di etí aṣọ kejì mú. Láti ìgbà tó ti kú, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń fi etí aṣọ há.

Àárọ̀ ọjọ́ tí olùbẹ̀wò máa padà wá, Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ kìrì-kìrì lórí àtẹ̀gùn. Àǹtí Ìsàlẹ̀ ni. Ó ti gbé àga onítìmùtìmù méjì dé ẹnu ilẹ̀kùn, omi lójú, òógùn níwájú orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ dá wọn padà."

"Ìyàwó," ni Àǹtí wí, nítorí ìyàwó náà ló ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, irun funfun kò yí i padà, "ṣé kí wọ́n máa wí kiri pé inú ìṣẹ́ ni àbúrò mi kú sí ni?"

"Ilé olówó ló kú sí, Àǹtí. Orí tíìlì."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Mi ò fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Tí obìnrin yẹn bá tún bá wa nínú tìmùtìmù lónìí, ọmọ yín ti kúrò nílé ìwé nìyẹn. Ẹ sọ fún mi ohun tá a máa wí fún bàbá ẹ̀."

Àǹtí fi ọwọ́ nu ojú. Ó gbé àga kan padà sísàlẹ̀. Èkejì, ó gbé e wọlé, ó sì jókòó lé e. Ó ní èyí kì í ṣe ti àlejò, ti orúnkún òun ni.

Olùbẹ̀wò oníbàtà pẹlẹbẹ náà ló tún dé. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, omi inú ife oníke ni wọ́n fún un. Ó ní ẹ kú àráfẹ́rakù, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, láìbomi là á. Ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò kò yéé wo ògiri.

"Màmá, ilé yín ṣì rẹwà o," ló wí níkẹyìn.

Ìyá ṣàlàyé fún un: ti adájọ́ rèé, ti oníṣègùn eyín rèé, ti báńkì rèé, àjẹkù iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín, mà. Àmọ́ ohun tí mo bá rí ni mo lè sọ fún wọn. Ohun tí mo sì rí ni ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn."

Ìyá Alágbàfọ̀ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn fún, nítorí náà Àǹtí Ìsàlẹ̀ mọ ibi tí ojú rẹ̀ lọ.

"Ìyàwó," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ láti orí tìmùtìmù, "ó ní kí ẹnikẹ́ni má sún un."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Èmi ló bá sọ̀rọ̀."

Ó dìde, ó fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù. Kò mì. Ó kó àwo inú rẹ̀ sílẹ̀, ó tún tì í. Kò mì. Olùbẹ̀wò fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, ó ní kó jókòó, pé àlejò ni. Ìgbà tó yá, tìmùtìmù mí kanlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí èèyàn bá dìde lórí rẹ̀. Àǹtí Ìsàlẹ̀ wá dúró lódì kejì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó gba igun kọ́bọ́ọ̀dù mú, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e wá sáàárín ilé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà dúdú, ó rin gbingbin, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo ara. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí ọwọ́ lè gbà jáde síta. Akunlé ti ká ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé. Gbogbo àwọ̀ ilé olówó ìlú ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Olùbẹ̀wò fi ìka kan ògiri, ó wo ìka náà, ó fi fóònù rẹ̀ yàwòrán.

"Ṣé bí gbogbo ilé ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí, mà?"

"Bó ṣe rí náà nìyẹn. Ibi tójú yín máa dé nìkan ló kùn."

Obìnrin náà fi fóònù rẹ̀ sínú àpò. Ó mu omi inú ife oníke náà tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Àǹtí Ìsàlẹ̀ padà sórí àga rẹ̀, ó ní ọwọ́ Akunlé ti mọ́ jù láti kékeré, pé òun lòun bà á jẹ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ náà ní owó ìrànwọ́ fún àwọn ọdún tó kù. Ẹ̀yáwó ọdún kìíní wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró, èlé rẹ̀ ń rìn. Ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, ó ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀.

Akunlé mìíràn tó bá olóògbé ṣiṣẹ́ rí ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á bá wọn parí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Alágbàfọ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dá ọjọ́ fún un. Ọ̀dà báńkì tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ ti dì. Kọ́bọ́ọ̀dù wà láàárín ilé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà.