Àmì Tí Bàbá Àmì Gbàgbé

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ ìtọ́nisọ́nà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn afọ́jú. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tó máa tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, bóyá ó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ni o, bóyá ó fẹ́ pa á rẹ́ ni o, ojú ewé tí ọkùnrin yìí kọ ló máa ṣí.

Àmì kan ló sọ ọ́ lórúkọ. Kí ọ̀rọ̀ téèyàn máa tẹ̀ tó lè jáde lójú ewé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì tíńtín kan tó dagun sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn. Bí wọn ò bá fi í, ẹ̀rọ á rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ìlà ìsàlẹ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ náà, á gbé wọn mì, á sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dagun. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yìí gbé! Ọkùnrin yìí á pè é síwájú gbogbo ayé, á ní kó wá wo ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Àmì nìyẹn. Orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn, ẹ má dá a lóhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Ìyá Kékeré tó ń tọ́jú fáìlì fẹ́ wá àyè sínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ níbẹ̀, wọn ò tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Fódà méjì ló wà. `_atijo_`, tó ní ìlà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ni wọ́n ń kó pàǹtí sí. Inú èyí tó ń jẹ́ `atijo` lásán ni ìwé tí tíṣà àgbà kan fi oṣù méjì kà sílẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ lọ́rùn wà, wọn ò sì tíì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ojú ewé ní kó pa atijo rẹ́. Ó pa á rẹ́.

Ariwo ta. Bàbá Àmì sáré wọ yàrá rẹ̀ lọ wo ohun tó kọ. Kò fi àmì sí i! Ẹ̀rọ ti gbé ìlà méjèèjì mì. Ojú gbà á tì débi pé ó lọ ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó fi àmì méjèèjì sí i wéré, ó tún ojú ewé náà ṣe, ó jókòó. Ó ní òun á sọ ọ́ tó bá dọ̀la. Ọ̀la dé, ó ní ó dọ̀tunla.

Ní Wẹ́sìdè, Màdáàmù tó jẹ́ ọ̀gá wọn pe ìpàdé. Ó ní bí Ìyá Kékeré ò bá lè sọ tẹnu ẹ̀ kó tó di Fúráìdè, kó máa lọ sílé. Wọ́n bi Bàbá Àmì bóyá ohun tó kọ péye. Ó ní kí wọ́n lọ wò ó. Wọ́n wò ó, ó péye lóòótọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà tèmi yìí o, orí ọmọ wọ́, òrùlé ló ń wò.

Ní Tọ́sìdè, Ìyá Kékeré kan ilẹ̀kùn Bàbá Àmì. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: ojú ewé náà ni, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mọ́ńdè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní tọwọ́ òun ò bá ti orí kọ̀ǹpútà mu, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bàjẹ́, bóyá ojú òun ni.

“Ẹ bá mi wò ó, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láyé. Ibo ni mo ti ṣì í?”

Ká ní ìjà ló bá wá ni, ì bá mọ bó ṣe máa jà á, kò kúkú sí bí ẹnu rẹ̀ ò ṣe mú tó. Ojú ń tì í bíi pé ó bọ́ra sílẹ̀ láàárín ìgboro. Ó gba ìwé náà, ó ní kó tẹ̀ lé òun, ó di ọ́fíìsì Màdáàmù.

“Èmi ni mi ò fi àmì sí i,” ó wí. “Ohun tí mo kọ ló tẹ̀.”

Màdáàmù bi í pé ìgbà wo ló mọ̀.

Bàbá Àmì lè ní ìsinsìnyí ni, pé ìwé ọwọ́ obìnrin yìí ló la òun lójú. Ta ló máa já a? Ìyá Kékeré fúnra ẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n Bàbá Àmì.

“Láti Mọ́ńdè ni.”

Màdáàmù ní kí Ìyá Kékeré padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe é. Obìnrin náà kò kúrò lójú kan. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Ní Túsìdè tí mo ń sunkún nínú yàrá ìjẹun,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, “tí ẹ jókòó tì mí, tí ẹ ní kí n máa fara balẹ̀ kàwé dáadáa kí n tó tẹ nǹkan. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?”

Bàbá Àmì ò lè gbójú sókè.

“Mo ti mọ̀.”