Ilé Tí Mo Fi Èédú Yà

Bí èéfín igi tútù bá gba imú mi báyìí, ojú máa ń tì mí kí èéfín náà tó ta á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan l'Ódò-Orò, òjò ká ìyá mi mọ́ ìdí ààrò lẹ́yìnkùlé. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń fi èédú ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sára ògiri.

"Kí lèyí, injinníà?"

"Ulé yín ni, Màámi. Ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta máa wà rèé."

"Ọkọ̀ mẹ́ta, èmi tí mi ò ní kẹ̀kẹ́! Ibo lo fi ulé ìdáná mi sí?"

Omi ń kán lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bá ya ọkọ̀ kan sí i.

Nígbà tí mo dé yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ilé yíyà, odidi ọdún kan ni mo fi wá ohun tí màá fi ṣe iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi. Lónìí pápákọ̀ òfurufú, lọ́la ilé alájà ogún. Orí mi dà bí agolo òfìfo, mi ò yà kankan parí, mo bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo wálé.

Inú òjò ni ìyá mi ṣì ń dáná títí ó fi kú. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó béèrè ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn ni. Àṣé iṣẹ́ ló ń bẹ̀ mí.