Àìsàn Tí Mo Fi Pamọ́ Fún Ìjọba

Aṣọ ìbora tí wọ́n fi wé mi nínú ọkọ̀ ambulance náà gbóná dáadáa, òórùn ọṣẹ ìfọwọ́ sì gba gbogbo inú ọkọ̀ náà kan. Mo rántí pé ohun tí mò ń rò bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fi aṣọ bò mí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Etobicoke, ní Kánádà, mo sì ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo parí shift alẹ́ mi, mo jókòó sí ibùdókọ̀, mo di ojú, mo sì ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ pé kí bọ́ọ̀sì tètè dé kí òtútù tó pa mí. Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn kọjá dúró, ó wò mí títí, ó sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ náà wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó bi mí pé báwo ni ara mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni mo ṣe dá a lóhùn. Mo ní, "I am managing." Ó bi mí bóyá ibì kan ń dùn mí. Ta ló gbé páálí láti alẹ́ mọ́jú tí nǹkan kan kò ní máa dùn ún? Mo ní gbogbo ara ni, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó bi mí pé ta ló wà pẹ̀lú mi. Mo ní Ọlọ́run ni. Ó tún rọra béèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ kí àwọn tó dé. Mo ní Ọlọ́run kan náà ni. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ wo ojú ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí kí n jọ̀wọ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo lè kọ̀ o. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà méjì máa bẹ èèyàn nínú yìnyín, kí èèyàn sì ṣorí kunkun, lójú tèmi nígbà náà, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo dùbúlẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dọ́kítà ní ó rẹ̀ mí ni, kí n lọ sùn. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ padà sílé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìwé gbèsè fi dé, ti ọsibítù àti ti ambulance, nítorí pé nígbà tí wọ́n béèrè káàdì insurance lọ́wọ́ mi, káàdì ilé ẹ̀kọ́ ni mo fún wọn.

Mò ń gbé nígbà náà ní ìsàlẹ̀ ilé Auntie kan ní Springdale, ará ìjọ wa, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èèyàn dáadáa ni Auntie, àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó ka àwọn ìwé náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìjọba ló ni ọsibítù," ó ní. "Ìjọba náà ló ń gba owó-orí. Ọjọ́ tó o bá fi ìwé owó-orí rẹ ránṣẹ́, wọ́n á rí ọ nínú kọ̀mpútà. Refund rẹ, kó o gbàgbé ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Auntie, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí mo mọ̀."

Refund tó ń wí yìí ni owó-orí tí wọ́n ti yọ jù nínú owó iṣẹ́ mi, tí ìjọba máa ń dá padà lọ́dọọdún. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé láti fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ mi tó kẹ́yìn. Bí n kò bá san án, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò, bí wọ́n bá sì yọ orúkọ mi, ìwé ìgbélùú mi náà wọ wàhálà.

Ọgbọ́n tí mo wá dá ni mo máa ń rántí tí n kò fi lè bínú sí ọ̀dọ́ òde òní kankan. Mo pinnu pé n óò di ẹni tí ara rẹ̀ le jù lọ ní Kánádà. Mo rò ó pé bí ìjọba kò bá tún gbúròó àìsàn lọ́dọ̀ mi, ó lè gbàgbé ti àkọ́kọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ń gba iwájú ọsibítù náà kọjá, mo máa ń tẹ orí ba. Ẹni tó bá kí mi níbi iṣẹ́ pé báwo ni, n kì í sọ pé mò ń manage mọ́. "Excellent" ni mo máa ń wí, tagbáratagbára. Ọ̀gá wa gbọ́ excellent yìí títí, ó sì gbé mi lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, níbi tí páálí ti wúwo jù tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ wọlé láti alẹ́ mọ́jú. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú mi. Ara líle loògùn ọrọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kéèyàn máa fi ẹnu lásán ṣe é. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń húkọ́ sínú ìrọ̀rí, tí mo sì ń ṣí omi sílẹ̀ nílé ìwẹ̀ kí Auntie má baà gbọ́.

Díákónì kan wà ní ìjọ wa tó máa ń bá èèyàn ṣe ìwé owó-orí nínú pálọ̀ rẹ̀. Auntie fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Díákónì tẹ kọ̀mpútà títí, ó wá dé ibì kan, ó gbójú sókè.

"Sister, ṣé o náwó kankan lórí ìtọ́jú ara rẹ lọ́dún tó kọjá? Dọ́kítà, eyín, oògùn?"

Mo ní, "Rárá o, sà. N kì í ṣàìsàn."

"Rárá rárá?"

"Láti kékeré, sà. Ibà pàápàá kò ṣe mí rí."

Ikọ́ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi bí mo ṣe ń sọ èyí. Mo há a mọ́bẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, èjìká mi ń gbọ̀n. Díákónì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló wọ̀ mí lára, ó ní, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run." Auntie tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ wá fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ambulance gbé ní Malton ni?" ó ní. "Sọ fún wọn kí wọ́n lè bá ọ fi pamọ́."

Ni ikọ́ náà bá tú. Ìgbà tó rọlẹ̀ ni mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Díákónì gbọ́ ọ dópin, ó di ẹnu mú kó má baà rẹ́rìn-ín, ó wá fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀.

"Àwọn agbowó-orí kò mọ̀ pé o dé ọsibítù. Gbèsè tó o bá jẹ ìjọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n lè yọ nínú refund, bí owó-orí àtẹ̀yìnwá, tàbí owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún èèyàn jù. Ọsibítù lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ fún àwọn tó ń sin gbèsè kiri, ìyẹn kò sì dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò dé ibi tó ò ń bẹ̀rù yìí. Kódà, ká ní o ti san án ni, ǹ bá kọ ọ́ síbí, bóyá ì bá dín owó-orí rẹ kù. Èyí tí o kò tíì san kò ní àyè nínú ìwé." Ó wá yíjú sí Auntie. "Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́, Mà?"

Auntie ronú. Ó ní ó jọ bíi pé owó ìrànwọ́ ọmọ tí ìjọba ń san ni wọ́n fún ẹni náà jù, ṣùgbọ́n ó ti dé ọsibítù rí.

Ìyàwó Díákónì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti jáde láti ilé ìdáná. Kò dá sí ọ̀rọ̀ owó-orí rárá. Ó ní, "Irú ikọ́ yìí kì í ṣe ohun tí à ń jókòó tì. Ẹ dìde, ká lọ."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó gbà wá bi mí pé báwo ni ara mi. Ó ti mọ́ ahọ́n mi lára. Mo ní, "Excellent, thank you." Ó yọ̀, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n máa lọ sílé, kí n máa mu nǹkan gbígbóná. Mo ti dìde lóòótọ́. Ìyàwó Díákónì ló fà mí jókòó padà, ó ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, irọ́ ni mò ń pa. Òtútù àyà ni wọ́n bá lára mi, mo sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dọ́kítà ní ká ní mo tún fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, ọ̀rọ̀ náà ì bá bẹ́yìn yọ.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ni Díákónì ti bá mi ka ìmeèlì tí ilé ẹ̀kọ́ ti fi ránṣẹ́ sí mi láti oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Insurance wà nínú owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti san, n kò kàn gba káàdì rẹ̀ ni. Àwọn oní-insurance gbà láti san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà àti ti ọjọ́ mẹ́ta yìí, èmi náà sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Refund mi wọlé láìdín kọ́bọ̀, mo sì parí ẹ̀kọ́ mi.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì báyìí, mo sì ti tó ẹni tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń mú ìwé wá bá pé kí n bá àwọn kà á. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á sì rò pé àtìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo ti gbọ́n. Ohun kan wà tí n kì í sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí Díákónì ní àwọn agbowó-orí kò mọ nǹkan kan nípa mi, ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wọ̀ mí lára bí ẹni pé wọ́n já mi jù sílẹ̀. Àdúgbò tí mo ti wá, gbogbo ojúlé ló mọ ìgbà tí mo bá sùn àti ìgbà tí mo bá jí, bí mo bá sín lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́rin á béèrè. Mo rò pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ mi níbí náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ìjọba. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rù yẹn, àárò ilé ni.